Ìwọ́ Ọmọ Nínú Igbó Ayínmú

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Ẹni tí ó bá ń jẹun lọ́wọ́, kí ó yára gbé èyí tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ mì, kí ó sì bo ìyókù mọ́lẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi òkèlè gbọ́. Ìwọ tí o ń họ imú lọ́hùn-ún nnì, dìde, lọ fọwọ́, kí o tó padà wá jókòó bí ọmọlúàbí. Mo ti darúgbó lóòótọ́, orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ṣùgbọ́n imú mi kò darúgbó rárá, kò sì sí òórùn kan ní Òkè-Ìrókò yìí tí n kò mọ ilé tí ó ti jáde.

Èmi ni Ọdẹ́jìnmí, ọmọ Ọdẹ́bíyìí tí í pa ẹfọ̀n láìjẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kan aṣọ, ọmọ-ọmọ Ọdẹ́tọ́lá arìngbẹ́-má-jẹ́-kí-ewé-ó-mọ̀, ẹni tí erin gbọ́ ikọ́ rẹ̀ tí ó fi ẹ̀yìn rìn wọ inú odò. Ní ìdílé wa, a kì í jẹ ìkasì, a kì í fi ẹnu kan igbá tí ẹnu ẹlòmíràn ti kàn, a kì í sì í jókòó sí ibi tí a kò gbá. Àwọn ẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ọdẹ a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní ọdẹ tí ń gbé ọṣẹ àti kànhìnkànhìn wọ igbó, ṣé ìyàwó ni ó fẹ́ lọ fẹ́ níbẹ̀ ni? Èmi a máa dá wọn lóhùn pé ẹran tí yóò bá kú, ẹ jẹ́ kí ó kú lọ́wọ́ ẹni tí ó wẹ̀.

Mo ti pa erin, mo ti pa ẹfọ̀n, mo ti bá iwin wọ̀yá ìjà títí ilẹ̀ fi jìn sí kòtò lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí léèrè ẹran tí ó fi ojú mi rí màbo jù lọ, n kò ní pe erin, n kò ní pe ẹfọ̀n. Òkété ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ gbọ́ bí ó ti rí.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Olódùmarè fi ta mí lọ́rẹ, Ọdẹ́fúnkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, Akínlàjà ọmọ ilé Ọláníyọnu ni ó sì fẹ́ ẹ. Ọdún ń gorí ọdún, kò rí ọmọ bí, àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ṣùtì sí i lẹ́yìn, kí Ẹlẹ́dàá tó wá ṣí i nínú, tí ó bí ọmọbìnrin kan tí ara rẹ̀ ń dán bí ẹ̀gúsí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Kí ó tó bímọ, ó ní ológbò kan tí ó ń sìn, Ẹlẹ́sẹ̀-Òwú ni ó ń pè é, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun. Ológbò náà mọ́ ju ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí lọ, nítorí a máa lá ara rẹ̀ láàárọ̀, a máa lá a lálẹ́, bí ó bá sì ṣu, a fi yẹ̀pẹ̀ bò ó. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Akínlàjà, ní ojú ológbò náà ń tàn jù, ó ní àjẹ́ ni, ó ní ẹranko bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ sí nínú yàrá ọlọ́mọ tuntun. Ó gbé e jù sínú àpò, ó so ẹnu àpò náà, ó sì gbé e sọ sínú odò.

Obìnrin kan náà ni ó ń gbé yàrá ọlọ́mọ láti máa wẹ ọmọ. Bí ó bá jẹ ẹ̀kọ tán, a ju ewé rẹ̀ sẹ́yìn ìkòkò omi, a ju egungun ẹja tẹ̀ lé e, a da ìṣẹ́kù ọbẹ̀ lé wọn lórí, a wá ní òun yóò gbá a bó bá di ọ̀la. Ọ̀la náà kò dé rí. Àwọn àgbà sì ti wí i pé bí ológbò bá kúrò nílé, ilé a di ilé èkúté.

Ẹ mọ̀ pé bí ìwọ́ ọmọ bá já, a kì í jù ú nù. Ní ọ̀dọ̀ wa, a ó dì í sínú òwú, a ó fi pamọ́ di ọjọ́ ìkómọ, a ó sì sin ín sí ìdí igi kan, ibẹ̀ ni ọmọ náà yóò máa pè ní ilé títí ayé rẹ̀. Ilé Ọláníyọnu tún ní èèwọ̀ tiwọn lórí rẹ̀. Wọ́n ní bí eku bá jẹ ìwọ́ ọmọ, olè ni ọmọ náà yóò yà, ọwọ́ rẹ̀ kò ní kúrò nínú apẹ̀rẹ̀ ẹlòmíràn títí yóò fi kú, nítorí náà a kì í sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórúkọ lábẹ́ òrùlé wọn. Ìwọ́ ọmọ Ọdẹ́fúnkẹ́ já ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó dì í sínú òwú, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé láti wẹ̀. Kí ó tó padà wọlé, òkété kan tí ó tó ọmọ ajá ti ti ẹ̀yìn ìkòkò omi yọ, ó gbé òwú náà tòun ti ìwọ́ inú rẹ̀, ó sì gba ihò abẹ́ ògiri sá wọ igbó lọ.

Ìyá Akínlàjà ni ó kọ́kọ́ figbe ta, ó ní olè ni wọ́n bí sílé àwọn. Baba Ọláníyọnu, olórí ilé náà, tí í ṣe ènìyàn jẹ́jẹ́, ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Àna mi, ẹ má bínú sí wa. Bí ẹ bá rí ìwọ́ náà mú wá kí ọjọ́ ìkómọ tó pé, ọmọ wa ni ọmọ náà. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ ó wá mú un lọ tòun ti ìyá rẹ̀." N kò tí ì fèsì tí Ọdẹ́fúnkẹ́ fi jáde wá, ó kúnlẹ̀ tòun ti ọmọ lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá mi, ọjọ́ tí mo ti ń retí ọmọ yìí ti pẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pè é lólè kí ó tó mọ̀ pé òun ní ọwọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara, mo sì yí padà láìdágbére fún ẹnikẹ́ni.

Bí èmi, ọmọ Ọdẹ́bíyìí, tí baba mi fi ipasẹ̀ erin kọ́ ní iṣẹ́ ọdẹ, ṣe di ẹni tí ń tọ ìgbẹ́ òkété kiri inú igbó nìyẹn, mo dorí kodò bí ẹni tí ń ṣa ẹ̀wà nínú iyanrìn. Mo gbé ìbọn mi kọ́ èjìká, mo gbé kèrègbè omi mi, mo gbé àpò ọdẹ mi tí ọṣẹ dúdú àti kànhìnkànhìn wà nínú rẹ̀, mo sì ń lọ.

Kí n tó dé igbó ńlá, mo kan ọ̀nà kan tí àwọn ènìyàn kan dẹ tàkúté sí lọ bẹẹrẹ. Òfin ọdẹ ni pé ẹni tí ó bá dẹ tàkúté gbọ́dọ̀ máa bẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n àwọn aláìnítìjú wọ̀nyí dẹ tiwọn, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ọ̀yà wà níbẹ̀ tí ó ti wú, òfàfà wà níbẹ̀ tí eṣinṣin ti jẹ ojú rẹ̀ tán, ìkún wà níbẹ̀ tí ìdin ń ti imú rẹ̀ wọlé tí wọ́n ń ti ìdí rẹ̀ jáde. Wọn kò jẹ ẹ́, wọn kò tà á, wọn kò dá a sí. Mo bú ìyá ẹni tí ó dẹ wọ́n, mo sì ń bú u lọ títí mo fi gbọ́ ohun kan tí ń mí fínfín nínú èyí tí ó kẹ́yìn. Akika ni, ẹranko tí ìpẹ́ bò bí ẹja, tí kò léyín, tí kò jẹ nǹkan ẹnikẹ́ni bí kò ṣe èèrà àti ikán. Irin ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ dé egungun, síbẹ̀ ó ká ara rẹ̀ bo ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Mo la irin náà, mo fi omi mi fọ ojú ọgbẹ́ rẹ̀, ó sì tiro wọ inú ewé lọ láìwẹ̀yìn. Kò dúpẹ́, n kò sì bínú sí i, nítorí kí ni ènìyàn ṣe fún un rí tí yóò fi dúpẹ́?

Lẹ́yìn èyí ni mo dé Igbó Ayínmú. Ìdí tí a fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó dé etí rẹ̀ tí kò yínmú, ìbáà ṣe ọba, ìbáà ṣe ẹrú. Òórùn igbó náà kì í ṣe ọ̀kan. Òórùn ìtọ̀ eku wà níwájú, òórùn ìkasì tẹ̀ lé e, òórùn aṣọ tí a ká mọ́ra ní tútù wà lábẹ́ wọn, gbogbo rẹ̀ sì dìjọ kó wọ ọ̀nà ọ̀fun mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnu ọ̀nà igbó náà ni Asín-Ò-Wẹ̀ dúró sí, ẹbọra tí ó ní orí asín àti ara ènìyàn, tí ẹnu rẹ̀ gùn ṣóńṣó, tí omi kan tí n kò fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀ ń kán láti abẹ́ abíyá rẹ̀. Bí ó ti rí mi ni ó fi ọwọ́ bo imú.

Ó ní, "Arúgbó yìí, kí ni ó ń rùn lára rẹ báyìí? Ta ni ó rán ọ wá kí o wá fi òórùn ọṣẹ ba afẹ́fẹ́ wa jẹ́?"

Mo ní, "Èmi Ọdẹ́jìnmí ni. Ìwọ ọmọ àjọbí ààtàn, ọjọ́ tí wọ́n bí ọ ni agbẹ̀bí ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Yẹra lọ́nà."

Ó ní, "Ọdẹ tó ń wẹ̀ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, baba rẹ gbójú láti wá síbí rí?"

Mo ní, "Baba mi kò wá. Òkèèrè ni ó ti gbọ́ òórùn rẹ, ó rò pé o ti kú, ó sì ń bá ìyá rẹ kẹ́dùn."

Inú bí i, ó la èékánná rẹ̀, ó bẹ́ mọ́ mi. N kò fi ìbọn dá a lóhùn. Mo da omi kèrègbè sórí kànhìnkànhìn, mo fi ọṣẹ dúdú sí i, mo gbo ó títí ó fi hó yaa, mo wá gbá a lójú, mo gbá a létí, mo gbá a lábẹ́ abíyá méjèèjì. Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹranko tí ìbọn bà rí. Ó ké pé mo ti ba ìran òun jẹ́, ó sì sá wọ inú ẹrẹ̀ lọ láti lọ fi ara ra á. Èmi fọ ọwọ́ mi, mo sì wọlé.

Ohun tí mo rí nínú igbó náà kò ṣeé rò tán. Mo rí Abíyá-Ilé-Àdán, iwin tí àdán dorí kodò sí lábẹ́ apá, tí wọ́n ń ya ìgbẹ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ó ti ń rìn. Mo rí Onírùngbọ̀n-Ìtẹ́, tí ọmọ eku pupa tí kò tí ì lajú ń yí kiri nínú irùngbọ̀n rẹ̀, tí ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan tí ó ń jẹ wọ́n bí ẹ̀pà. Mo rí obìnrin kan tí ń jẹ́ Ẹlẹ́mìí-Ìkasì, bí ó bá ti mí, koríko a rọ, bí ó bá ti gùnfẹ̀, igi a wọ́wé. Mo rí Agbéra-Má-Wẹ̀, tí èérí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn débi pé olú hù níbẹ̀, tí àgó àti ẹmọ́ gbẹ́ ihò sí ìhà rẹ̀ tí kò sì mọ̀. Mo rí Olójú-Ipin, tí ojú rẹ̀ pọ̀ bí ihò asẹ́, tí ipin sì dí gbogbo rẹ̀ pa. Wọ́n ń kí mi káàbọ̀, wọ́n ń na ọwọ́ sí mi. Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn, mo ń mi orí dá wọn lóhùn.

Ìgbẹ́ tí mo ń tọ̀ mú mi dé ìdí ihò kan tí ó ga tó ilé, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ débi pé ènìyàn lè rìn wọlé láìbẹ̀rẹ̀. N kò wọlé lójú ẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wa òkété rí mọ̀ pé òkété kì í gbẹ́ ihò kí ó má gbẹ́ ẹ̀bùrú sí i, ibi kọ́lọ́fín tí yóò gbà sá bí èéfín bá pọ̀ níwájú. Mo yí ihò náà po títí mo fi rí ẹ̀bùrú náà lábẹ́ ewé gbígbẹ, mo la ẹnu àpò ọdẹ mi sí i, mo fi èèkàn kàn án mọ́lẹ̀ yíká, mo wá padà sí ẹnu ọ̀nà bí àlejò, mo sì kàgò.

Yèyé Àjẹkù ni orúkọ òkété tí ó jókòó nínú lọ́hùn-ún. Ó tóbi tó màlúù, irun ìdí rẹ̀ ti re, eyín iwájú rẹ̀ pọ́n bí epo, ohun tí ó sì fi ṣe ìtẹ́ ni ìdì irun orí ènìyàn, èékánná tí a gé, eyín ọmọdé, àkísà tí aboyún fi nu ara, gbogbo ohun tí ènìyàn ń jù nù tí kò bojú wẹ̀yìn. Òwú ọmọ Ọdẹ́fúnkẹ́ wà ní ọwọ́ rẹ̀. Mo rí i kedere, ìwọ́ náà ṣì pé.

Mo ní, "Ohun tí mo wá gbà ni yẹn."

Ó ní, "Ṣé bí wọ́n ti kọ́ ọ nílé nìyẹn? Àlejò kì í jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an kí ó tó jẹun. Jẹun lọ́dọ̀ mi, kí a mulẹ̀, n ó sì fún ọ."

Wọ́n gbé àwo síwájú mi. Ẹ̀kọ ni, ó ti bu, ó ti hu irun funfun, ẹja tí ó wà lórí rẹ̀ ń mì nítorí ohun tí ń rìn nínú rẹ̀, ọbẹ̀ rẹ̀ sì ń fà bí kẹlẹbẹ. Ewé ẹ̀kọ náà ni mo wò lẹ́ẹ̀mejì, nítorí mo mọ bí Ìyá Akínlàjà ṣe máa ń ká etí ewé bí ó bá jẹ tán. Oúnjẹ ìlú mi ni wọ́n gbé fún mi. Èmi tí n kì í fi ẹnu kan igbá ẹlòmíràn. Mo wo àwo, mo wo òwú náà, mo rántí Ọdẹ́fúnkẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, mo bu òkèlè kan, mo fi í sẹ́nu. Ó ń rìn lórí ahọ́n mi. Mo gbé e mì. Bí mo ti ń sọ ọ́ fún yín yìí, mo tún tọ́ ọ wò, Olódùmarè má jẹ́ kí ẹ mọ irú rẹ̀.

Yèyé Àjẹkù bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ni ẹ ń bọ́ wa, ẹ̀yin náà ni ẹ tún ń wá bá wa jà." Kí n tó nu ẹnu, ó ti sọ òwú náà sílẹ̀, ó ti gbé ìwọ́ sẹ́nu, ó sì ti kó sí ojú ẹ̀bùrú. Mo ní, "Báyìí ni ìwà rẹ, òkété." N kò sá tẹ̀ lé e. Mo ṣa òwú náà nílẹ̀, mo rọra gba iwájú jáde, mo yí sẹ́yìn, mo sì bá a nínú àpò mi tí ó ń jà fitafita, nítorí bí ó ti jìnnà sí ìtẹ́ rẹ̀ ni ó ń kéré sí i, títí ó fi kù bí òkété tí ẹ mọ̀. Mo tẹ ọrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo la ẹnu rẹ̀. Ó ti jẹ ìdajì.

Mo fa àdá yọ. Kò sí ohun tí ó wù mí lójú ayé mi bí kí n gé orí yẹn. Ìgbà náà ni mo rí ikùn rẹ̀, ọmú rẹ̀ gùn, wàrà ń kán lẹ́nu ọmú náà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń ké wínwín nínú ihò. Òfin ọdẹ ni pé a kì í pa abiyamọ tí ń fọ́mọ lọ́mú. Ó rí mi lára, ó kó mi nírìíra, òórùn rẹ̀ wọ inú aṣọ mi tí n kò fi lè wọ̀ ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ pé kí abiyamọ kọ́kọ́ mọ́ kí a tó dá a sí. Mo jù ú sílẹ̀, mo di ìdajì ìwọ́ náà sínú òwú rẹ̀, mo sì kọrí sílé.

Ọjọ́ ìkómọ gan-an ni mo wọ ilé Ọláníyọnu. Oyin, iyọ̀ àti orógbó wà ní igun kan tí wọn kò tẹ́ ẹ, ẹrù Ọdẹ́fúnkẹ́ ni wọ́n dì sí ẹnu ọ̀nà. Mo bèèrè àwo funfun, mo tú òwú sínú rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, n kò fi ohun kan pamọ́.

Ìyá Akínlàjà na ọrùn wò ó. Ó ní, "Eku ti jẹ ẹ́. Mo ti wí. Olè ni."

Mo ní, "Baba Ọláníyọnu, ẹ dákun, ẹ bá mi dé yàrá ọlọ́mọ." Gbogbo ilé tẹ̀ lé wa. Mo gbé ìkòkò omi kúrò ní ipò rẹ̀. Ewé ẹ̀kọ wà níbẹ̀ tí ó ti di ẹrẹ̀, egungun wà níbẹ̀, ìdin ń yí lórí wọn bí ìrẹsì nínú omi gbígbóná, ọmọ èkúté pupa sì sùn sí àárín. Ìyàwó kékeré kan sáré bọ́ síta, a gbọ́ bí ó ti ń bì. Baba Ọláníyọnu fi apá agbádá bo imú.

Mo ní, "Mo jẹ oúnjẹ yìí ní Igbó Ayínmú. Mo gbé e mì, ó wà níkùn mi, nítorí ọmọ yín. Ẹ ní ọmọ yóò di olè nítorí pé eku jẹ ìwọ́ rẹ̀. Ó dára. Kí wá ni orúkọ ẹni tí ó sọ ológbò sódò, tí ó wá tẹ́ oúnjẹ sílẹ̀ de eku lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọmọ?"

Baba Ọláníyọnu wo ẹ̀yìn ìkòkò náà pẹ́, ó wá wo Ìyá Akínlàjà. Ó ní, "Mú ìgbálẹ̀." Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó gbá a, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó o, a sì dúró títí ó fi fọ ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ni Baba gba ọmọ lọ́wọ́ Ọdẹ́fúnkẹ́, ó ní ìdajì tí ó kù tó láti sin, ó ní bí èèwọ̀ ilé bá ń lé ọmọ jáde tí ó ń jẹ́ kí ègbin jókòó, òun tí òun jẹ́ olórí ilé ti pa á rẹ́ lónìí. Ó sọ ọmọ náà ní Oríyọmí.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó wọ̀nyí, ẹ gbá ẹ̀yìn ìkòkò yín. Ẹ jẹ́ kí ológbò máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ẹ fi akika sílẹ̀ kí ó máa jẹ ikán rẹ̀, ẹni tí ó bá sì dẹ tàkúté, kí ó lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Èkúté kì í wá sí ibi tí kò ti rí nǹkan jẹ.

Ẹ ó bi mí pé kí ni ọmọ náà wá dà. Ó dàgbà níwájú mi, kò mú abẹ́rẹ́ ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí Ìyá Akínlàjà ń kú lọ, tí àwọn ọmọ rẹ̀ pé yí ẹní rẹ̀ ká, kọ́kọ́rọ́ àpótí rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kò sì ṣí ọwọ́ náà fún ẹnì kankan nínú wọn títí Oríyọmí fi wọlé.